Awọ Ewúrẹ́ Wúlẹ̀mọ̀tù

"Awọ rẹ̀ dà?"

Ohun tí Wúlẹ̀mọ̀tù bi Christiana nìyẹn ní ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Ìkọ̀lé, ní oṣù kìíní ọdún 2002. Kò tilẹ̀ ní kó jókòó kó tó bi í. Ogún ọdún ni àwọn méjèèjì ti ń ṣọ̀rẹ́. Wúlẹ̀mọ̀tù ló fún Christiana ní ewúrẹ́ kan sìn ní Ìfàkì, ewúrẹ́ dúdú tí àmì funfun yí ìbàdí rẹ̀ ká bí ọ̀já. Bí a bá fún ènìyàn ní ẹran sìn, ìyá ẹran ṣì jẹ́ ti ẹni tó ni ín. Ọmọ ni wọ́n ń pín. Bí ìyá ẹran náà bá sì kú, ẹni tó ń sìn ín gbọ́dọ̀ gbé awọ rẹ̀ lọ fún olówó ẹran, kí ó lè mọ̀ pé wọn kò tà á, wọn kò sì pa á jẹ.

Christiana kò mú awọ dání. Ikọ́ ọyẹ́ ló wọ agbo rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ẹran mẹ́sàn-án ti kú, ti Wúlẹ̀mọ̀tù wà lára wọn, ikun dí wọn nímú, ìhà wọn ń lọ sókè sódò bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Akínyẹmí, dókítà ẹran tó ti Ìdó wá, ní kó má bó awọ ọ̀kankan, kí ó rì wọ́n mọ́lẹ̀ kó jìn. Ó gbọ́ràn. Ìgbà tó tẹ ilẹ̀ mọ́ wọn tán ló tó rántí Wúlẹ̀mọ̀tù.

"Mo sin ín ni," ni Christiana wí.

"O sin ewúrẹ́? Ṣé ẹ pe àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì yín sí i?"

"Ìyá Mùnírà, má fi mí ṣẹ̀sín. Màá ra òmíràn fún ọ."

"Ewúrẹ́ ọjà kọ́ ni mo fún ọ. Ìran ẹran tí ìyá mi fi sílẹ̀ ni. Máa lọ ulé, Ìyá Gbọ́láhàn. Ọbẹ̀ náà á ti dùn o."

Christiana kì í sunkún. Àgbẹ̀ iṣu ni. Opó tó kọ́ ilé ara rẹ̀, yàrá kan lọ́dún kan. Kò sí ẹni tó pè é lólè rí. Lẹ́yìn ọ̀kadà tó gbé e padà sílé, ohun kan ṣoṣo ló ń rò. Ọmọ kan ṣẹ́kù tí ewúrẹ́ náà bí, èyí tó bọ́ sí ìpín tirẹ̀. Abo ni, ọ̀já funfun sì wà ní ìbàdí òun náà. Ọlọ́ọ̀já ló ń pè é. Ọmọ Ọlọ́ọ̀já ni yóò san gbèsè yìí.

Nígbà tí Ọlọ́ọ̀já lóyún, Christiana lọ bá Akínyẹmí ní Ìdó.

"Dókítà, ikọ́ yẹn kò gbọdọ̀ mú èyí. Kí ló dé tí ẹ kò fún àwọn yẹn lábẹ́rẹ́?"

"Màmá, olè ti wọlé tán kí ẹ tó pè mí. Abẹ́rẹ́ àjẹsára kì í lé àrùn jáde. Ara tó le ni ó ń kọ́ ní ìjà, kí kòkòrò ikọ́ tó dé. Ẹ̀ẹ̀mejì la ó gún un, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láàárín, kó tó bímọ. Ohun tí ara rẹ̀ bá kọ́, inú wàrà àkọ́kọ́ ni yóò fi sí fún ọmọ."

"Èyí tó pọ́n, tó ki yẹn?"

"Òun gan-an."

"Dókítà, mo máa ń fún un dànù ni."

Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ pé ìdọ̀tí ni, pé ó ń mú ọmọ ẹran yàgbẹ́ gbuuru. Ọgbọ̀n ọdún ni ìka rẹ̀ fi ń fún un sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ tí Akínyẹmí wá gún gbogbo ẹran Christiana, Dàda, aládùúgbò rẹ̀, fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ìyá Gbọ́láhàn, ewúrẹ́ tí kò ṣàìsàn! Àbí Mẹ́kà ló ń lọ tó fi ń gba abẹ́rẹ́?"

"Mú tìrẹ wá, kí wọ́n jọ lọ."

"Tèmi ò ní páálí ìrìnnà."

Christiana kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, wọ́n tún gún wọn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kọkànlá, Ọlọ́ọ̀já bí abo kan, ọ̀já funfun sì wà ní ìbàdí òun náà. Ọmú rẹ̀ kún bámúbámú. Kí Christiana tó mọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti nà síbẹ̀. Ó fà á padà, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di òpó ọgbà mú gírígírí, títí ọmọ náà fi dìde, tó ta gẹ́gẹ́, tó rí ọmú, tó sì mu ún yó. Ní ọjọ́ kejì, kò yàgbẹ́ gbuuru.

Ọyẹ́ dé. Ẹran Dàda bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ lẹ́yìn ògiri. Láràárọ̀ ni Christiana ń kúnlẹ̀ nínú ọgbà, tí ó ń fi etí sí ìhà ọmọ ẹran náà. Èémí rẹ̀ ń lọ geere. Nígbà tí ẹran Dàda kẹrin kú, ọkùnrin náà wá dúró lẹ́nu ọgbà, kò sì ṣàwàdà.

"Ìyá Gbọ́láhàn, ọjọ́ wo ni dókítà yẹn tún ń bọ̀?"

"Ó ti pẹ́ jù fún àwọn tó ti ń wúkọ́. Ṣùgbọ́n màá bá ọ pè é fún àwọn tó kù."

Wàrà ìyá kì í dáàbò boni títí láé, Akínyẹmí ti kìlọ̀ fún un. Nígbà tí ọmọ náà pé oṣù mẹ́ta, wọ́n gún òun náà lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn èyí ni Christiana gbé e sórí itan nínú takisí, ó di Ìkọ̀lé.

Wúlẹ̀mọ̀tù ń fẹ́ ata gbígbẹ lẹ́nu ọ̀nà. Christiana kò kí i. Ó gbé ẹran náà kalẹ̀, ó yí ìbàdí rẹ̀ sí i.

"Awọ tí o béèrè rè é. Ẹran ṣì wà nínú rẹ̀."

Wúlẹ̀mọ̀tù na ọwọ́, ó fi ìka tọ ọ̀já funfun náà yí ìbàdí ká, bí ìyá rẹ̀ ti máa ń ṣe. Ó gba okùn, ó so ó mọ́ ẹsẹ̀ àga rẹ̀. Ó wá wọlé, ó sì gbé àga mìíràn jáde fún Christiana.