Ìyàwó Ilé Kì í Pe Ọmọ Ilé Lórúkọ

Ẹ má fojú kékeré wo Ṣàrífátù. Ọmọ Nàgó Ṣakété ni, ilé-ìwé kan ní Akpakpa ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Kọ̀ǹpútà mẹ́fà tó wà ní kíláàsì rẹ̀, òun ló tọrọ wọn, òun ló tún wọn ṣe, òun náà ló fi ètò tó ń yanjú ìṣirò onílẹ́tà sínú wọn. Ọ̀gá Ràṣídì, olórí ilé-ìwé, ní eré ọmọdé lásán ni. Ó ní tí alábẹ̀wò bá dé tí iṣẹ́ náà kò bá yọrí, òun á kó gbogbo rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì.

Alábẹ̀wò dé lọ́jọ́ Àtàláátà. Ṣàrífátù ní kí ẹ̀rọ wá iye iná tó ń gba inú wáyà kan kọjá. Bí ìwé Faransé ṣe kọ́ ọ, lẹ́tà I ló fi pe iná náà. Ẹ̀rọ kọ̀ jálẹ̀: ó ní I kì í ṣe ohun tí èèyàn ń wá iye rẹ̀. Ọ̀gá Ràṣídì wúkọ́.

Àfi bí Ṣàrífátù ṣe bú sẹ́rìn-ín. Ó kọjú sí àwọn ọmọ.

"Nígbà tí mo délé ọkọ, mo bá àbúrò ọkọ mi kan níbẹ̀, Tàófíìkì. Ṣé mo lè pè é lórúkọ?"

"Ó tì o, Madámù!" Mofẹ́olúwa tó jókòó níwájú ló dáhùn. "Ìyàwó kì í pe ọmọ ilé lórúkọ."

"Mo sọ ọ́ ní Adúmáadán. I ti wà nínú ilé ẹ̀rọ yìí ká tó dé, nọ́ńbà kan ló ń jẹ́ ẹ. Ẹ jẹ́ ká fún iná wa lórúkọ tiwa. Lẹ́tà ni kó fi bẹ̀rẹ̀, kó má sì ní àlàfo láàárín."

Ó tẹ inawaya. Ẹ̀rọ ní mẹ́ta ni ìdáhùn, kíá.

Alábẹ̀wò kò tíì gbà. Ó ní kí àwọn ọmọ fúnra wọn sọ tiwọn lórúkọ. Wọ́n sọ mẹ́sàn-án, ẹ̀rọ gba gbogbo rẹ̀. Ló bá ní kọ̀ǹpútà kankan kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀, kí àwọn olùkọ́ yòókù wá kọ́ ìlò rẹ̀ lọ́dọ̀ Ṣàrífátù. Orí rẹ̀ wú, ó sì tọ́ kó wú.

Ọ̀gá Ràṣídì fa àga ọmọ kíláàsì kan, ó jókòó, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n.

"Madámù, ṣé mo lè sọ tèmi ní D?"

"Ó ti ní ẹni tó ń jẹ́ ẹ, Ọ̀gá. Ẹ wá òmíràn."

Ọ̀gá sì bẹ̀rẹ̀ sí wá a.