Ilẹ̀ Màmá Mi àti Ire Ọ̀pọ̀ Ènìyàn

Ẹ̀bá ọ̀nà Igbogílà ni ilẹ̀ màmá mi wà, kò jìnnà sí Ayétòrò. Ẹ̀gẹ́ ló ń gbìn síbẹ̀, ó sì kọ́ ẹbu gaàrí kékeré kan sí igun rẹ̀. Láti ìgbà tí bàbá wa ti kú, ibẹ̀ ló ń jí lọ. Àwọn obìnrin àdúgbò á wá bá a bó ẹ̀gẹ́, wọ́n á máa tàkúrọ̀sọ títí oòrùn á fi rọlẹ̀.

Nígbà tí ìlú fẹ́ kọ́ ilé ìwòsàn, wọ́n ní kò sí ilẹ̀ mìíràn tó tẹ́jú tó sì sún mọ́ títì bíi tirẹ̀, kó yọ̀ǹda rẹ̀ kí wọ́n fún un ní òmíràn. Màmá kọ̀ jálẹ̀. Ni àwọn àgbà bá ránṣẹ́ pe èmi àkọ́bí rẹ̀, nítorí pé tíṣà ni mí, mo sì lọ yunifásítì.

Ẹ̀kọ́ kan wà tí wọ́n kọ́ wa níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn gan-an: pé ohun tó tọ́ láti ṣe ni èyí tí yóò mú ìdẹ̀ra bá ènìyàn tó pọ̀ jù lọ, tí ìyà inú rẹ̀ yóò sì kéré jù lọ. Nínú ìṣirò yẹn, ọba kò ju ẹyọ ènìyàn kan lọ, tálákà náà kò dín. Mo jókòó ti Màmá, mo tò ó sílẹ̀ fún un.

"Àwọn aboyún tó ń kú sórí ọ̀kadà ńkọ́, Màmá? Àwọn ọmọ tí gìrì ń pa ńkọ́? Ẹ wo bí ẹ̀mí ṣe pọ̀ tó níbẹ̀. Ẹ̀yin, ẹnì kan péré ni yín."

Ó bi mí pé, "Ṣé wọ́n ka èmi náà mọ́ ọn?"

"Wọ́n kà yín, Màmá."

"Ta ló bi mí léèrè kó tó kà mí?"

Lọ́jọ́ kejì, ó tẹ̀ka síwèé pé òun yọ̀ǹda ilẹ̀ náà. Nítorí èmi ló ṣe tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe nítorí aboyún kankan.

Ilẹ̀ tí wọ́n fi rọ́pò jìnnà wọ inú igbó, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e débẹ̀. Àwọn obìnrin rẹ̀ gba ẹbu ẹlòmíràn lọ. Màmá wá di ẹni tó ń jókòó sí pálọ̀ mi láti àárọ̀ dalẹ́ bí àlejò. Bí mo bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á ní, "Ẹ ṣeun, tíṣà." Èmi ọmọ tó bí!

Ká ní wọ́n pa ilé ìwòsàn náà tì ni, ǹ bá rí nǹkan bú. Ó ń ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ni mo bí àbíkẹ́yìn mi sí. Ẹ̀jẹ̀ ya lára mi lọ́jọ́ náà, nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ló dóòlà ẹ̀mí mi. Màmá gbé ọmọ náà, ó wẹ̀ ẹ́, kò sọ nǹkan kan nípa ilẹ̀. Ó kú kí ọmọ ọ̀hún tó rìn.

Ní ìpàdé ìlú, wọ́n ṣì máa ń yìn ín pé ó fi ilẹ̀ rẹ̀ ta ìlú lọ́rẹ. Mo máa ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Màmá mi kò ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ. Èmi ni mo fi í tọrẹ.