Ẹ̀jọ Méjì Lójú Ẹ̀rọ

Kuang Sulan kì í ṣe ẹni tí ń sunkún níwájú èèyàn, àmọ́ lọ́dún àkọ́kọ́ tó ṣiṣẹ́ ní ibùdó ìsinmi tó wà lójú òpópónà márosẹ̀ láti Guangdong wọ Hunan nílẹ̀ Ṣáínà, ó sunkún. Ọjọ́ tí ọdún wọn ń parí ni, ọjọ́ tí gbogbo ọmọ ń sáré lọ bá òbí wọn fún oúnjẹ àjẹpọ̀ ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀rọ mẹ́fà tí ń fi iná sí bátìrì mọ́tò ló wà níkàáwọ́ rẹ̀, ìlà mọ́tò sì gùn dé ojú títì. Ilẹ̀ ṣú bá wọn síbẹ̀. Bàbá àgbàlagbà kan jẹ oúnjẹ ọdún tirẹ̀ nínú mọ́tò: núúdù inú ike. Ó gbé ike náà sókè sí ọmọ rẹ̀, ó ní, "Ọdún á yabo," ó sì yíjú sí fèrèsé.

Ọ̀rọ̀ náà dun Sulan wọ egungun. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi rán bàtà nílé iṣẹ́ kan ní Dongguan, orí ìdúró ló sì máa ń wà nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé e lọ sílé lọ́dọọdún. Ẹ̀ẹ̀mejì ló dé lẹ́yìn tí wọ́n ti palẹ̀ oúnjẹ mọ́. Ẹni tí irú rẹ̀ bá ṣe rí ló mọ̀ pé ebi kọ́ ló ń dunni lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Ó búra pé bí ọdún bá yípo, ẹnikẹ́ni ò ní í jẹ oúnjẹ ọdún nídìí ẹ̀rọ òun mọ́.

Àwọn kan ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tó gba iṣẹ́ náà pé, "Aránbàtà! Kí ló mọ̀ nípa iná?" Ó fi wọ́n sílẹ̀, ó ń wo ẹ̀rọ. Ohun tó rí kò ju èyí lọ: bátìrì ń gba iná bí ẹni tí ebi ń pa ṣe ń jẹun. Àwọn òkèlè àkọ́kọ́ a máa yára wọlé, ìkẹyìn a máa falẹ̀. Àkókò tó fi ń ti orí ogún nínú ọgọ́rùn-ún dé ọgọ́rin náà ló fi ń ti ọgọ́rin dé ọgọ́rùn-ún. Bí kálukú bá lè yọ wáyà kí ó tó kún, ìlà á máa sáré.

Ó ṣàlàyé fún Ọ̀gá Duan, tó ń bójú tó ibùdó náà láti ìlú. Ọ̀gá Duan rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n Kuang, ẹ má da ara yín láàmú. Mo ti fi páálí núúdù ogójì ránṣẹ́."

Nígbà tí ọjọ́ ìparí ọdún tún pé, Sulan wọ ẹ̀wù pupa iṣẹ́, ó ń bẹ àwọn awakọ̀ láti mọ́tò dé mọ́tò. "Ẹ jọ̀ọ́, ọgọ́rin á gbé yín délé."

Kò sẹ́ni tó yọ wáyà. Ọ̀kan nínú wọn, Lei Zhenghai, tó ń gbé mọ́tò tuntun lọ han àwọn àna rẹ̀, yọ orí síta. "Àǹtí, lónìí kẹ̀? Ṣé ẹ ò tíì bu ìrẹsì kún ìkòkò yín fún ọdún ni?"

"Mo ti bù ú kún."

"Ìkòkò omi ń kọ́?"

"Ó kún."

"Ẹ wá fẹ́ kí n gbé àbọ̀ bátìrì wọlé àna mi!"

"Ọgọ́rin kì í ṣe àbọ̀."

"Lọ́jọ́ òní, ohun tí ò bá kún, àbọ̀ ni!"

Gbogbo ìlà pa ẹ̀rín. Òótọ́ sì ni: àṣà wọn ni pé kí gbogbo ìkòkò ilé kún kí ọdún tuntun tó wọlé. Kì í ṣe àwọn awakọ̀ ló ń bá jà, ọdún fúnra rẹ̀ ni. Mọ́tò mọ́kànlélọ́gbọ̀n ti dúró, aago mẹ́wàá àárọ̀ ò sì tíì lù.

Ibi tó dúró sí tí inú ń bí i ni ojú rẹ̀ ti bọ́ sára nọ́ńbà mọ́tò Zhenghai. Ẹ̀jọ mẹ́ta ló tò síbẹ̀.

"Ọjọ́ mélòó lo fi wá nọ́ńbà yìí?"

"Oṣù mẹ́ta, Àǹtí. Ẹ rọra sọ̀rọ̀, ìyàwó mi wà ńbí."

Ẹni tó máa mú ọ̀bọ, á ṣe bí ọ̀bọ. Lẹ́nu wọn níbẹ̀, ẹ̀jọ dún bí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe ọlà. Àwa tí à ń yọ méjì kúrò nínú àádọ́rùn-ún ká tó pe nọ́ńbà yẹn ò lè gbọ́ adùn rẹ̀, àmọ́ lójú ẹ̀rọ tó ń fi iná sí mọ́tò Zhenghai, ẹ̀jọ méjì ló dúró ti ara wọn gbọnin. Sulan nawọ́ sí i.

"Wò ó! Ẹ̀jọ méjì! Yọ wáyà kí orí ire tó kọjá lọ!"

Ìyàwó Zhenghai ti bẹ́ sílẹ̀. "Baálé mi, kí lò ń wò? Yọ ọ́!"

Zhenghai kọ́kọ́ ya fọ́tò rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí àna, ó fa wáyà yọ, ó sì pariwo sí ìlà bó ṣe ń lọ: "Ẹ̀jọ méjì ni mo gbé lọ o!"

Ó ti bùṣe. Kò sẹ́ni tó tún fẹ́ kún mọ́. Wọ́n ń dúró ti ẹ̀rọ, wọ́n ń kà á sókè, bó bá sì ti di ẹ̀jọ méjì, wọ́n á hó yèè, wáyà á bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó kàn. Màmá kan tòògbé títí tirẹ̀ fi di àádọ́rùn-ún, ló bá figbe ta.

"Ẹ wà á yí ọgbà po, Màmá," ni Sulan wí, "á sọ̀ kalẹ̀ wá bá yín."

Màmá ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó ń yí ọgbà po, gbogbo èèyàn ń pàtẹ́wọ́ fún un.

Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, fóònù Sulan dún. Ọ̀gá Duan ni, ó ń wo ibùdó láti inú kámẹ́rà, jìnnìjìnnì sì wà lóhùn rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n Kuang! Ṣé iná ti lọ ni? Àwọn ẹ̀rọ ti bàjẹ́? Mi ò rí mọ́tò kan!"

"Iná wà, Ọ̀gá."

"Àwọn èèyàn náà wá dà?"

Sulan wo ọgbà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ayọ̀ gbà á lọ́kàn.

"Wọ́n ti lọ jẹun nílé wọn."

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn pátá." Ó bọ́ ẹ̀wù pupa náà. "Ẹ má bínú, Ọ̀gá, mo fẹ́ máa lọ. Wọ́n ń dúró dè mí nílé."