Wúfà Ọjọ́ Mẹ́ta, Lásìkò Tí A Kì í Lùlù

Ẹni tí wọ́n bá ti tàn jẹ lẹ́ẹ̀kan, ojú kan ló fi ń sùn. Mo ti ra ẹ̀rọ ìfínkòkó kan rí lọ́wọ́ ẹnì kan ní Isuada. Ẹ̀rọ náà kò fín nǹkan kan rí. Títí di òní làwọn ẹgbẹ́ mi ń bi mí pé, "Ṣé ó ti jí?" Nítorí náà, bí mo bá ń sọ bí mo ṣe fura sí ọkùnrin tó ń tún rédíò ṣe fún wa, ẹ má sọ pé inú mi ni kò dára. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín bó ṣe rí.

Mo ní hóòmù-tíátà kan nínú pálọ̀ mi ní Ọ̀wọ̀, ọdún tí mo fẹ̀yìn tì ni mo rà á. Wúfà rẹ̀, ìyẹn àpótí tó ń mú ohùn ńlá jáde, kò tóbi, ṣùgbọ́n bí bọ́ọ̀lù bá wọ àwọ̀n, àtẹni tó wà ní kíṣìnnì á mọ̀. Ló bá di ọjọ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí eṣinṣin inú ìgò. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin náà láàárín ìlú. Ó tún un ṣe. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, ó tún ń kùn. Nígbà tí mo gbé e lọ lẹ́ẹ̀kẹta, ó mi orí.

"Bàbá, èyí ti darúgbó. Mo ní méjì ńlá nílẹ̀. Ẹ fún mi ní kékeré yìí, kí ẹ fi nǹkan díẹ̀ lé e, kí ẹ gbé méjì lọ."

"Ta ló ni wọ́n?"

"Akẹ́kọ̀ọ́ pólì kan tó ti parí ni. Kò rí wọn gbé lọ sílé."

Kí n má parọ́, wọ́n wọ̀ mí lójú. Mo délé, mo sọ fún ìyàwó mi. Ó ń ṣa ẹ̀fọ́ lọ́wọ́, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ohun tí kékeré ń sọ, ṣé ẹ ti gbọ́ ọ tán?"

Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Igogo, ọdún ìbílẹ̀ wa, ti bẹ̀rẹ̀ nígbà náà; kò pé ọjọ́ mélòó kan, ọkùnrin náà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé méjèèjì wá sílé. Orí rẹ̀ wà lásán, bí orí gbogbo wa ṣe wà lásán, nítorí ọkùnrin kì í dé fìlà lásìkò náà.

"Ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta dán wọn wò, Bàbá. Bí wọ́n bá wù yín, n óò wá gbé kékeré."

"Akẹ́kọ̀ọ́ yẹn kò ha ń kánjú?"

"Akẹ́kọ̀ọ́ wo? Òṣìṣẹ́ ọsibítù kan tí wọ́n gbé lọ sí ìlú mìíràn ló ni wọ́n."

Mo kí i pé ó ṣeun. 

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ará ibí, ẹ gbọ́: lásìkò Igogo, a kì í lùlù nígboro Ọ̀wọ̀. Agogo nìkan là ń lù. N kò gbọ́ ọ rí pé ẹnikẹ́ni ka wúfà mọ́ èèwọ̀ náà, ṣùgbọ́n ní àdúgbò wa, ẹni tó bá ṣí tirẹ̀ sókè nígbà náà, àgbàlagbà kan á wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Bí kì í bá ṣe ìlù, kí ló ń dún gbìm-gbìm nínú rẹ̀? Mo bá ń fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lò wọ́n. Ó dùn létí. Lọ́jọ́ kejì náà, ó dùn. Ìdí iyán ni mo wà nígbà tí ọ̀rọ̀ kan gbá mi láyà.

"Ìyá àwọn ọmọ, wúfà tó ní àléébù, bí a kò bá ṣí i sókè, ṣé àléébù náà á hàn?"

"Kò lè hàn."

"Ọjọ́ mẹ́ta wo ló wá fún wa?"

Ó dá òkèlè dúró. "Ọmọ Ọ̀wọ̀ kúkú ni ọkùnrin yìí."

"Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni, ó mọ èèwọ̀!"

Bí mo bá ṣìṣe, kékeré mi á lọ, kò ní padà, àwọn ẹgbẹ́ mi á sì tún rí nǹkan bi mí. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kẹta mọ́, mo kó méjèèjì àti hóòmù-tíátà mi sẹ́yìn ọkọ̀, ó di Imẹri, lápá Ọ̀sẹ́ lọ́hùn-ún, níbi tí wọ́n gbé àbúrò mi obìnrin níyàwó. Èèwọ̀ tiwa kò dé ọ̀dọ̀ wọn.

Àbúrò mi ń yan gààrí. Nígbà tó gbọ́ ohun tí mo bá wá, ó ju igbá sílẹ̀.

"Bọ̀dá mi, ẹ gbé àpótí láti Ọ̀wọ̀ torí kí ẹ lè pariwo? Ariwo ti wọ́n nílé yín nìyẹn!"

"Tan jẹnẹrétọ̀, má dá mi lóhùn."

Mo so ọ̀kan, mo ṣí i dé òpin. Àwọn adìyẹ fò, ewúrẹ́ já okùn, ohùn náà mọ́ kedere. Mo so èkejì. Àbúrò mi tẹ́tí, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Èyí ń sọ̀rọ̀ bí arúgbó tí kò léyín tó ń jẹ àgbàdo sísun."

Òótọ́ ló sọ. Pẹrẹpẹrẹ ló ń dún.

Nígbà tí mo padà dé Ọ̀wọ̀, ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin náà ni mo kọ́kọ́ yà sí. Mo sọ ohun tí mo gbọ́ ní Imẹri fún un, mo ní kó tú ojú wúfà kejì. Bébà dúdú tó ń mì níwájú wúfà ti fàya, ẹnì kan sì ti fi gọ́ọ̀mù dúdú lẹ̀ ẹ́ tipẹ́. Gọ́ọ̀mù náà ti gbẹ, ó ti sán.

"Bàbá, ẹ gbé e dé Imẹri?"

"Mo gbé e débẹ̀."

"Wọ́n tan èmi náà jẹ ni. Inú Igogo yìí ni wọ́n gbé e fún mi, n kò lè ṣí i sókè."

"Akẹ́kọ̀ọ́ ni, àbí òṣìṣẹ́ ọsibítù?"

"Akẹ́kọ̀ọ́ ló tà á fún òṣìṣẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà bára mu. Ó bára mu jù. Mo wo ọwọ́ rẹ̀, gọ́ọ̀mù dúdú wà lábẹ́ èékánná. Ṣùgbọ́n ọwọ́ atúnrédíòṣe wo ni kì í ní gọ́ọ̀mù? Ó ní kí n mú èyí tó dára nìkan, kí n fi kékeré sílẹ̀. Mo kọ̀. Kékeré mi ń kùn, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tó ti ń kùn. Mo wí fún un pé kó má gbé èyí tó fàya fún ẹlòmíràn. Ó ní òun ti gbọ́.

Lọ́jọ́ kejì, mo gba iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjá. Ibi tó gbé méjèèjì sí ti ṣófo. Mo bi í pé níbo ni wọ́n wà.

"Ẹnì kan gbé wọn lọ, Bàbá. Ó ní òun fẹ́ dán wọn wò."

Agogo ṣì ń dún lọ́nà ààfin.