Ẹsẹ̀ Tí Kọ̀ǹpútà Fún Ẹ̀gbọ́n Mi

Kò sí ohun tí wọn kì í háyà l'Ékòó. Wọ́n ń háyà àga, wọ́n ń háyà kánópì, wọ́n tún ń háyà ẹni tó máa sunkún níbi òkú tí kò mọ̀ rí. Èmi, kọ̀ǹpútà ni mo ń háyà fáwọn èèyàn. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Yaba, lójú ọ̀nà táwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà, kọ̀ǹpútà ibẹ̀ sì pọ̀ tó láti kún yàrá ìdánwò kan. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá fẹ́ ṣe ìdánwò orí kọ̀ǹpútà, tí wọn ò ní tiwọn, èmi ni wọ́n ń pè. Màá kó wọn lọ, màá so wọ́n pọ̀, màá sì jókòó tì wọ́n títí wọ́n á fi ṣe tán, torí mi ò fọkàn tán ọmọ aráyé.

Torí náà, nígbà tí kọngílá kan wá bá mi pé òun fẹ́ háyà gbogbo wọn fún ọjọ́ kan, mi ò fura sí nǹkan kan. Ọkùnrin tó sanra ni, ó ń làágùn, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ọ̀rọ̀. Ó ní àwọn alábòójútó ń bọ̀ láti Abuja. Ó ní ìjọba ló gbé iṣẹ́ fóun, pé kóun ṣe sístẹ́ẹ̀mù tí wọ́n á fi máa tọ́jú ọ̀rọ̀ àwọn ṣọ́jà tó fara pa lójú ogun: ta ló ti gba oògùn, ta ló ti gba àga onítáyà, ta ló ti gba ẹsẹ̀ àtọwọ́dá. Iṣẹ́ ti parí, ó ní, àwọn kọ̀ǹpútà tóun rà fún un nìkan ló ṣì wà lórí omi. Mo bú sẹ́rìn-ín. Ta ni ò mọ irú omi bẹ́ẹ̀? Omi inú àpò rẹ̀ ni.

Ẹ̀rín yẹn ò pẹ́ lẹ́nu mi. Ẹsẹ̀ àtọwọ́dá tó dárúkọ yẹn gún mi láyà.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ọmọ ìyá mi, ṣọ́jà ni. Bọ́ǹbù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lókè Ọya ló gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ láti orúnkún. Ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé, ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, torí kò níbòmíì. Wọ́n fún un ní igi méjì tó fi ń ti abẹ́ apá rìn, ṣùgbọ́n igi ò wúlò lórí àtẹ̀gùn ilé wa, tó tóóró, tó sì dà gẹ̀rẹ́. Ìdí ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń wọ́ sọ̀ kalẹ̀, ìdí náà ló fi ń wọ́ gòkè. Ọkùnrin tó ti pàṣẹ fún ọkùnrin rí! Àwọn ọmọ ilé á tò sísàlẹ̀, wọ́n á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn ìyá wọn á sì ṣe bí ẹni tí ò rí wọn. Nígbà tó yá, kò sọ̀ kalẹ̀ mọ́ àfi tó bá di dandan. Ẹsẹ̀ àtọwọ́dá nìkan ló kù tó ń retí. Wọ́n ti fi tépù wọn ibi tí wọ́n ti gé e, wọ́n ní kó lọ máa retí ìpè. Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ béèrè, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ fún mi: "Ó ti wà lórí sístẹ́ẹ̀mù. Sístẹ́ẹ̀mù ò tíì pè é." Mo ti ṣépè fún sístẹ́ẹ̀mù yẹn débi pé ká ní èèyàn ni, ì bá ti máa rìn hòòhò ní Costain.

Ẹ wá wò ó o. Sístẹ́ẹ̀mù tí mò ń ṣépè fún gan-an ni wọ́n wá háyà kọ̀ǹpútà mi fún. Mo ní Ọlọ́run ló ṣe é. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́, èmi ò sì dákẹ́ rí látọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Mo sọ fún kọngílá pé á rí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n èmi fúnra mi ni màá jókòó tì wọ́n. Ó ní kò burú, kí n ṣáà wọ aṣọ tó máa jẹ́ kí n jọ òṣìṣẹ́.

Gbọ̀ngàn kan ní Yaba ni wọ́n lò. Kì í ṣe kọ̀ǹpútà nìkan ni ọkùnrin yìí háyà, ó háyà èèyàn mọ́ ọn. Àwọn ọ̀dọ́ tó so táì mọ́rùn jókòó síwájú kọ̀ǹpútà mi, wọ́n ń tẹ bọ́tìnnì bí ẹni ń já ẹ̀fọ́. Ọ̀kan nínú wọn ò mọ ibi tí wọ́n ti ń tàn án. Èmi ni mo bá a tàn án, òṣì!

Àwọn alábòójútó wọlé. Obìnrin kan ló ṣáájú wọn, ó tínrín, ó wọ gíláàsì, kò sì rẹ́rìn-ín sí ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá ṣọ́jà kan tí èjìká rẹ̀ ń dán yanran wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìwà obìnrin yẹn wù mí, mi ò ní purọ́. Wọ́n gbé mínírà fún un, kò mu. Wọ́n fún un ní ẹran, kò wo ibẹ̀. Ó ń béèrè bí wọ́n ṣe náwó ìjọba, àti ìdí tí kò fi sí àmì ìjọba lára kọ̀ǹpútà kankan. Kọngílá ní, "Wọ́n ṣì ń lẹ̀ wọ́n, mà." Mo ní nínú mi pé ẹni tó mọṣẹ́ nìyí, ọwọ́ ba olè lónìí.

Obìnrin náà wá ní, "Ẹ má fi ọbẹ̀ tẹ́ ẹ ti sè sílẹ̀ hàn mí. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ nọ́ńbà iṣẹ́ ṣọ́jà kan tó fara pa, kó pè é jáde."

Mo dìde. Nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n mi wà lórí mi bí àdúrà, torí mo ti pè é níwájú fèrèsé ọ́fíìsì láìmọye ìgbà. Mo pè é láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo ní kó hàn síta pé kò tíì gba nǹkan kan, kí Abuja fi ojú ara wọn rí i. Mo wo ojú kọngílá kí n lè gbádùn ẹ̀rù tó máa bà á. Ó ń rẹ́rìn-ín.

Wọ́n tẹ nọ́ńbà náà. Orúkọ ẹ̀gbọ́n mi jáde, fọ́tò rẹ̀ jáde, fọ́tò ìgbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣì kún. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí, ní àwọ̀ ewé: ẹsẹ̀ àtọwọ́dá, ti ọ̀tún, ó ti gbà á. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹ gbọ́ mi o, wọ́n pàtẹ́wọ́!

"Irọ́ ni!" Mo ké débi pé ọ̀kan nínú àwọn onítáì fò sókè. "Àbúrò rẹ̀ ni mí! Ó wà nílé mi! Kò ní ẹsẹ̀!"

Obìnrin náà wò mí tìtì. "Ẹ lọ mú un wá," ó ní. "A máa dúró."

Kọngílá tẹ̀ lé mi dé ẹnu ọ̀nà bí ẹni ń sin àlejò. Ó rọra sọ sí mi létí pé, "Mádáàmù, gbogbo wọn pátá la kọ pé wọ́n ti gbà á. Ta ló máa gbé iṣẹ́ tí ò parí síwájú Abuja? Ẹ jókòó yín jẹ́jẹ́." Mo ní, "Ẹ̀wọ̀n lo máa sùn lónìí." Ó tún rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀gbọ́n mi ò kọ́kọ́ fẹ́ lọ. Ó ní, "Ṣé ọ̀gá wà níbẹ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá àgbà pàápàá. Ló bá ní kí n gbé káákì òun wá. Ó fá irùngbọ̀n, ó wọ káákì, ó fi pín-ìnnì ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò tó ṣófo. Ọ̀sán gangan ló fi ìdí wọ́ àtẹ̀gùn wa nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ tò bí ìṣe wọn. Mo gbá ọ̀kan létí, ìyá rẹ̀ ní òun máa bá mi fà á, mo ní kó dúró dè mí, mò ń bọ̀. A wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá padà sí Yaba.

Bó ṣe wọlé tó fojú kan ọ̀gá ṣọ́jà, ó kó igi méjèèjì sí ọwọ́ kan, kó lè fi ìkejì kí i bí ṣọ́jà. Ó ń mì lẹ̀gbẹ̀lẹ̀gbẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò dì í mú.

Ọ̀gá ní, "Ṣé orúkọ rẹ nìyí?"

"Yẹ́ẹ̀sì, sà!"

"Ṣé nọ́ńbà rẹ nìyí?"

"Yẹ́ẹ̀sì, sà!"

"Sístẹ́ẹ̀mù ológun nìyí. Ṣé ò ń sọ pé ológun ń purọ́?"

Mò ń sọ nínú mi pé, ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ ọ́, ẹ dákun, ẹ ṣáà sọ ọ́.

"Nó, sà!"

Háà! Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ọ lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn, kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń di ìbọn mú. Ọ̀gá kì í béèrè irú ìbéèrè yẹn kéèyàn fún un ní ìdáhùn méjì. Ara rẹ̀ ló dáhùn kí ọpọlọ rẹ̀ tó dé ibẹ̀.

Obìnrin náà yọ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó ní, "Bí sístẹ́ẹ̀mù ò bá purọ́, ẹ ti gba ẹsẹ̀ nìyẹn. Ibo lẹ wá gbé e sí? Ṣé ẹ tà á ni?"

Èmi ni mo fèsì, mo fèsì fún gbogbo Yaba. Mo ní èmi ni mo ni kọ̀ǹpútà, háyà ni wọ́n háyà wọn, háyà ni wọ́n háyà àwọn onítáì, kọngílá ti fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi pé irọ́ ni gbogbo ohun tí wọ́n kọ. Kọngílá mirí bí ẹni tí àánú ń ṣe. "Mà, ẹ má dá a lóhùn. Ẹni tó ń bá wa gbálẹ̀ ni, orí rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ pé." Àwọn onítáì tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà, wọ́n ń já ẹ̀fọ́ wọn lọ. Ṣọ́jà méjì gbé mi jáde bí àpò sìmẹ́ǹtì. Àwọn àgbà ní irọ́ lè lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ máa lé e bá. Lọ́jọ́ yẹn, òótọ́ ò rí mọ́tò wọ̀.

Títí dòní, mo kórìíra obìnrin yẹn ju kọngílá lọ. Olè ni kọngílá, olè ò kúkú pe ara rẹ̀ ní nǹkan míì. Ṣùgbọ́n afọ́jú tó ń gbowó ìríran ni obìnrin yẹn. Èèyàn dúró síwájú rẹ̀ lórí ẹsẹ̀ kan, ó yíjú sí kọ̀ǹpútà láti ka ẹsẹ̀ méjì.

Wọ́n dá ẹ̀gbọ́n mi dúró síbẹ̀, òun ló sì sọ ìyókù fún mi nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀. Wọ́n ní bó bá ta ẹsẹ̀ ìjọba, ẹ̀wọ̀n ni. Bó bá sọ ọ́ nù, ìkìlọ̀ lásán ni. Ọ̀gá ní òun fẹ́ ṣàánú rẹ̀. Ni ẹ̀gbọ́n mi bá kọ ọ́ sínú ìwé pé èrò ló ti òun ní Ọ̀yìngbò, tí ẹsẹ̀ náà fi bọ́, tí òun ò rí i mọ́. Láti ìgbà tó ti dé láti ojú ogun, kò dé Ọ̀yìngbò rí. Ó bu ọwọ́ lù ú. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó wá sọ fún un pé ẹni tó bá sọ ẹsẹ̀ nù kì í gba òmíràn mọ́. Òfin ni.

Kọngílá fúnra rẹ̀ ló kó kọ̀ǹpútà mi padà. Ó ní àwọn alábòójútó yin sístẹ́ẹ̀mù náà gan-an, pé kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tán tó ti mú oníjìbìtì kan, wọ́n sì ti ní kóun máa bá apá kejì iṣẹ́ náà lọ. Ó ní òun á tún wá háyà. Mo da omi tí mo fi fọ ilẹ̀ lé e lórí. Ó fi áńkáṣíìfù nu ojú, ó rẹ́rìn-ín, ó wọ mọ́tò rẹ̀ lọ.

Mo rò pé ó parí. Kò parí. Ṣọ́jà méjì wá sílé wa láti wá ẹsẹ̀ náà, wọ́n ní bóyá a gbé e pa mọ́ ni. Wọ́n yẹ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wò, wọ́n tú àpótí, wọ́n ki ọwọ́ bọ gààrí. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń fi ìka júwe ibi tí wọn ò tíì dé fún wọn. "Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, sà. Orí kọ́bọ́ọ̀dù, sà." Orí kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n ti rí bàtà tuntun kan, dúdú, ẹsẹ̀ méjèèjì nínú páálí, méjèèjì ń dán.

Ọ̀kan nínú wọn gbé ti ọ̀tún sókè. "Ẹni tó ní òun ti sọ ẹsẹ̀ nù, kí ló fẹ́ fi èyí ṣe?"

"Ta ló ń ta bàtà ẹlẹ́yọ kan fún yín nílé yín?" Èmi ni mo bi í bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀rí nìyẹn. Wọ́n mú bàtà ọ̀tún lọ, wọ́n fi ti òsì sílẹ̀ fún un.

Mo bá wọn sọ̀ kalẹ̀, mò ń ṣépè. Mo ṣépè fún ìyá tó bí wọn, fún ọ̀gá wọn, fún Abuja, títí wọ́n fi yà ní ìkángun àdúgbò. Nígbà tí mo padà gòkè, mo ní a ò ní gbà, a máa lọ sí rédíò, a máa wá lọ́yà, ojú gbogbo wọn ló máa rí i.

"Jọ̀ọ́, dákẹ́," ẹ̀gbọ́n mi ní. Kò pariwo. "Kó o tó lọ pe nọ́ńbà mi níbẹ̀, mò ń retí ẹsẹ̀. Ní báyìí, mo ti gbà á."