Ọdún Tí Bàbá Mi Kò Dúró De Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ìkìrun, ẹ̀yin ọmọ mi, bàbá mi kì í fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ẹran Kérésìmesì. Tíṣà ìjọ Áńgílíkà ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an, sì jẹ́ àfáà ní Inísà. Ẹ̀gbọ́n yìí ni í wá láàárọ̀ ọdún láti ṣe Bísímílà sí ewúrẹ́ wa, kí òun àti gbogbo Mùsùlùmí inú ẹbí lè bá wa jẹ ẹ́. Bí Iléyá bá sì dé, àwa náà a kó lọ sí Inísà, a ó jẹran àgbò títí ètè wa a fi máa dán.

Lọ́dún kan, ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Íjíbítì. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ń jọba lé wa lórí nígbà náà wà lára àwọn tó lọ ń ju bọ́ǹbù síbẹ̀. Íjíbítì tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò dé rí! Síbẹ̀ ó dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa. Àwọn Mùsùlùmí kan ń pe àwa ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ní ọmọ òyìnbó, àwọn kan nínú ìjọ wa náà sì ń sọ pé ìyà náà tọ́ sí àwọn ìmàle. Oníṣòwò kan tó ti Òkukù dé ló sọ fún bàbá mi pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣépè fún òyìnbó ní mọ́sálásí. Bàbá mi, tí òyìnbó kọ́ níwèé, gbà pé òun ni ẹ̀gbọ́n òun ń bá wí.

Kò ránṣẹ́ sí Inísà lọ́dún náà. Ìyá mi ní, "Ẹ jẹ́ ká dúró dè wọ́n ná." Bàbá mi kọ etí ikún sí i, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ewúrẹ́. Ẹran ti wà lórí iná nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọlé, ọ̀bẹ lábẹ́ abíyá, eruku ọ̀nà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó wo ìkòkò, ó wo bàbá mi.

"O ò dúró dè mí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní ẹ ṣépè fún òyìnbó."

"Mo ṣépè fún wọn. Wọ́n ń pa ọmọ ọlọ́mọ. Ṣé ìwọ wá ni òyìnbó ni?"

Mo rò pé àfáà á padà lọ, ṣùgbọ́n ó jókòó, ó ní kí ìyá mi bu ìrẹsì lásán fún òun, kó da epo pupa lé e. Bàbá mi náà bu ìrẹsì, ó da epo lé e, ó jókòó tì í lórí ẹní. Àwa ọmọ la jẹ ewúrẹ́ náà, kò sì dùn lẹ́nu mi.

Nígbà tí bàbá mi darúgbó ló tó sọ fún mi pé, "Kì í ṣe ìbínú. Ẹ̀rù ló bà mí pé bí mo bá ránṣẹ́, kò ní wá."

Ayé ti yí padà. Nígbà tiwa, ẹnìkan ní láti wọkọ̀ kó tó gbé ọ̀rọ̀ tó ń dájà sílẹ̀ wọlé. Lónìí, inú fóònù ló wà. Ọmọ ọmọ mi kan àti ìbátan rẹ̀ ní Inísà ò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́ nítorí ogun òkè òkun tó ń lọ yìí. Mo ní kó pè é níwájú mi. Ó tẹrí ba.

"Màmá, tí ò bá wá gbé e ńkọ́?"

Omi bọ́ lójú mi. Mo ní kó ṣáà pè é. Èmi ò ní í dìde níbí títí yóò fi pè é.