Kànrìnkàn Àǹtí àti Fàdákà Ewúro

Lọ́dún tí mo ń ṣe másítàsì, ọ̀dọ̀ Àǹtí, àbúrò ìyá mi, ni mo ń gbé ní Thamesmead, ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ń tọ́jú arúgbó. Èmi ń se ewúro nínú láàbù. Mo máa ń ra ewúro nítòsí Powis Street, màá sè é, màá da omi rẹ̀ mọ́ omi iyọ̀ fàdákà títí yóò fi pọ́n bíi tíì. Ìyẹn ni pé fàdákà náà ti di èérún tí ojú kò lè rí. A ó wá fi kòkòrò àìsàn ra ojú abọ́ pẹlẹbẹ, a ó dá ihò sí i, a ó kán fàdákà ewúro sínú ihò. Bó bá pa kòkòrò, lọ́jọ́ kejì, ẹ ó rí òbìrí tó mọ́ yí ihò náà ká.

Kòkòrò tí wọ́n fún wa nílé ẹ̀kọ́, fàdákà ewúro náà pa á dáadáa. Ìgbéraga gùn mí. Mo ní ẹ jẹ́ kí n gbé kòkòrò wá látilé. Mo fi òwú nu kànrìnkàn tí Àǹtí fi ń fọ abọ́, mo gbé e wọ bọ́ọ̀sì. Ní láàbù, mo fi òwú náà ra ojú abọ́ pẹlẹbẹ kan, mo sì kán fàdákà sínú ihò rẹ̀.

Nígbà tí mo ṣí abọ́ náà lọ́jọ́ kejì, òórùn ẹyin tó ti bàjẹ́ kọlù mí. Ohun kan tó ń yọ̀ bí ikun imú bo gbogbo rẹ̀. Òbìrí kankan kò sí. Inú ihò tí fàdákà wà gan-an ni ó wọ̀. Mo rántí pé abọ́ tí kànrìnkàn yẹn fọ̀ ni mo fi jẹ ìrẹsì lálẹ́ àná. Mo sáré lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀, mo bì.

Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń ṣiṣẹ́ nínú láàbù sọ pé, "Ju èyí nù jàre. Má kọ ọ́ sínú ìwé. Ta ló máa mọ̀?"

Mo rò ó wò díẹ̀. Ìrònú náà rí mi lára ju òórùn yẹn lọ. Mo kọ ọ́ bó ṣe rí.

Nígbà tí mo délé, n kò lè jẹun.

"Ṣé ọbẹ̀ mi ò dùn mọ́ ni?" Àǹtí bi mí.

"Ẹ má bínú, mà. Kànrìnkàn yín ni." Mo fi fọ́tò abọ́ láàbù náà hàn wọ́n lórí fóònù, mo ní ó mú mi bì.

Wọ́n wò ó, wọ́n pòṣé. "Ẹ̀gbin! Èmi tí mò ń nu ìdí olówó ìlú yìí lójoojúmọ́, tí n kò bì rí! Ewúro rẹ ńkọ́, ṣé ó pa á?"

"Rárá o, mà."

"Ò bá kúkú fi se ọbẹ̀."

Wọ́n ju kànrìnkàn náà nù, wọ́n ra tuntun. Síbẹ̀ mo lọ ra abọ́ tèmi ní Thamesmead Town Centre, mo ń fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀. Àǹtí rí i. Ní ọjọ́ kẹrin, wọ́n dúró níwájú ìkòkò pẹ̀lú ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́.

"Abọ́ tìẹ ni kí n bù ú sí, àbí tèmi?"

Ojú tì mí. "Tiyín ni, mà."

Wọ́n bù ú sí i, mo sì jẹ ẹ́ tán.